Kọfí Kò Lè San Gbèsè Oorun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ìkánjú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mu kọfí gbígbóná. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Ìdánwò ni ó kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé tí ó yẹ kí wọ́n ti kà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn sì wà nílẹ̀ bí ẹrù tí a kò tíì tú. Wọn a po kọfí, wọn a jẹ obì gbànja lé e, wọn a ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, wọn a sì jókòó ti ìwé títí àkùkọ yóò fi kọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a máa fi yangàn pé àwọn kò fi ojú kan oorun. Àwọn ẹgbẹ́ wọn a pàtẹ́wọ́, àwọn òbí a súre, àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá a sì máa fi irú wọn ṣe àpẹẹrẹ fún ìyókù kíláàsì. Ìyìn yìí gan-an ni ó yẹ kí a bá jà. Ìyìn tí kò tọ́ ni, ó sì ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí a ti inú rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, Onitsha ní ìpínlẹ̀ Anambra ni. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó gbé ìwé dé ibẹ̀. Ní ọdún 1857 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, gúnlẹ̀ sí ìlú náà ní etí odò Ọya, tí ó sì fi John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Sàró, sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ ìjọ àti ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní 1925 ni a dá Dennis Memorial Grammar School sílẹ̀. Ní 1933, Christ the King College tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì títí di ìgbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń tẹ̀ tí a sì ń tà ní ọjà Onitsha gbòde kan. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ọ̀nà tí yóò gbà di ènìyàn pàtàkì láwùjọ. Ìlú ìwé ni Onitsha, ìlú ọjà ni, ìlú obì sì ni pẹ̀lú, nítorí àwọn Ìgbò a máa sọ pé ẹni tí ó mú obì wá ni ó mú ìyè wá. Níbi tí ìfẹ́ ìwé, ìfẹ́ òwò àti obì bá ti pàdé, kò yani lẹ́nu bí ọ̀dọ́ bá rò pé ohun gbogbo ni a lè rà, títí kan òye, àti pé ife kọfí kan ni owó rẹ̀.

Kí ni ó tilẹ̀ wà nínú kọfí? Ní 1819, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Friedlieb Ferdinand Runge, yọ ohun kan jáde láti inú kóró kọfí. Ohun náà ni a ń pè ní kafíìnì. Kafíìnì yìí kan náà ni ó wà nínú tíì, òun náà ni ó sì wà nínú obì, ìbáà ṣe àbàtà, ìbáà ṣe gbànja. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nǹkan òyìnbó nìkan ni à ń bá wí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, lẹ́bàá Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ń ṣe ìwádìí lórí kòkó, obì, kọfí, kajú àti tíì pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin kọfí ní agbègbè Kábà, wọ́n sì ń gbìn ín ní orí òkè Mambilla. Ẹni tí ó bá mu kọfí tán tí ó tún jẹ obì lé e, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń bu nǹkan kan náà, bí ó tilẹ̀ rò pé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí kafíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní ṣòroó yé ẹni tí ó bá mọ ìtàn gbèsè nílẹ̀ Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tí kò san án, olówó a bẹ ológò sí i. Ológò a lọ dógò ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà, a máa pariwo, a máa bú u, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí owó yóò fi pé. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ọpọlọ. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni ohun kan tí a ń pè ní adẹnósìnì ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀. Bí ó bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kan ilẹ̀kùn pé, "Oorun dà? San gbèsè oorun tí o jẹ." Ìgbà náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kafíìnì jọ adẹnósìnì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí adẹnósìnì gbà wọlé. Bí ó bá ti jókòó síbẹ̀, onílé kò ní gbọ́ igbe ológò mọ́. Ara rẹ̀ yóò yá, ojú rẹ̀ yóò là, yóò sì rò pé òun ti di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹni tí ó fi òwú di etí ti san gbèsè bí? Ológò wà níta, ó ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí òwú bá bọ́, gbogbo wọn ni yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó fi kọfí mọ́jú fi máa ń ṣubú lulẹ̀ bí igi ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an.

Òwú náà kì í sì í tètè bọ́. Nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń gba bíi wákàtí 5 kí kafíìnì tí a mu tó dín kù sí ìdajì. Ìdajì kọfí tí akẹ́kọ̀ọ́ mu ní agogo 10 alẹ́ ṣì wà nínú ara rẹ̀ ní agogo 3 òru. Ní 2013, àwọn olùwádìí kan ní Detroit, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jẹ́ kó hàn pé mílígíráàmù 400 kafíìnì tí a mu ní wákàtí 6 ṣáájú àkókò oorun dín oorun náà kù ní ohun tí ó ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò mu kọfí, òun yóò kàwé, òun yóò sì sùn wọra lẹ́yìn náà, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Àwọn kan wà tí wọn yóò dìde níhìn-ín láti gbèjà kọfí. Wọn yóò ní kọfí a máa ṣí ọpọlọ, a máa mú kí iyè jí pépé. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì dára kí a pa òtítọ́ mọ́ nítorí pé a fẹ́ borí nínú àríyànjiyàn. Kafíìnì a máa mú kí ojú là, a sì máa mú kí ènìyàn lè fi ọkàn sí ohun tí ó ń ṣe. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins fi àwòrán han àwọn ènìyàn kan, wọ́n sì fún díẹ̀ nínú wọn ní mílígíráàmù 200 kafíìnì lẹ́yìn tí wọ́n wo àwòrán náà tán. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tí ó lo kafíìnì mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn àwòrán tí ó jọra ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ̀rí gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn alátìlẹ́yìn kọfí kò fẹ́ sọ? Àwọn tí a fi ṣe ìwádìí náà kì í ṣe àwọn tí ń mu kafíìnì lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má sùn. Ẹ̀rí tí a rí lára ẹni tí ó sùn kò lè gbè ẹni tí kò sùn.

Oorun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Láti 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti ṣe ìdánrawò kan ní Yunifásítì Cornell. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì há àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ní ìtumọ̀ sórí. Nígbà mìíràn, wọ́n jẹ́ kí wọ́n sùn lẹ́yìn tí wọ́n há a tán. Nígbà mìíràn, wọ́n jẹ́ kí wọ́n wà lójúfò. Ohun tí ó kù ní iyè wọn lẹ́yìn oorun pọ̀ ju ohun tí ó kù lẹ́yìn àìsùn lọ. Ìwádìí púpọ̀ tí ó tẹ̀ lé e láti ìgbà náà wá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nígbà tí ara bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí ààyè rẹ̀. Ẹni tí ó kàwé tí kò sùn dà bí àgbẹ̀ tí ó kórè iṣu lọ jaburata, tí kò tò ó sínú abà. Òjò pa á, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó wá ń bínú sí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé àwọn ẹgbẹ́ kejì, àwọn tí ó ń pariwo pé majèlé ni kọfí, pé ó ń jẹ ọpọlọ, pé ẹni tí ó bá ń mu ún yóò ya wèrè. Àwọn wọ̀nyí náà ṣìnà. Ní 2009, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Finland jẹ́ kó hàn pé àwọn tí ó ń mu ife kọfí 3 sí 5 lójúmọ́ nígbà tí wọ́n wà ní àárín ọjọ́ orí kò tètè kó àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Ewu tiwọn fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í mu ún tàbí tí wọn kì í mu ju díẹ̀ lọ. Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí mìíràn tí a ṣe lára àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tí ń mu ju ife 6 lọ lójúmọ́ ni ọpọlọ wọn kéré díẹ̀, tí ewu àrùn ìgbàgbé sì fi ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún wọn. Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n àkùkọ kọ́ ni ó ń mú ilẹ̀ mọ́. Pé nǹkan méjì rìn pọ̀ kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, ti ń fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí ó ń gbé ní Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ní 2001, wọ́n kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn jẹ́ 1.35, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ṣé kí ẹnìkan wá dìde kí ó ní obì ni? Ṣé kí ẹlòmíràn ní ẹ̀fọ́ ni? Ẹni tí ó bá ń kánjú dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbọ́ ìlù lókèèrè tí ó ti mọ orúkọ onílù. Ọpọlọ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà tọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń pè é ní "brain fag", èyí ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Orí a máa gbóná, a máa ta bí ẹni pé a fi ata sí i; nǹkan a máa rìn gìrìgìrì nínú rẹ̀; ojú a máa ṣú; ohun tí wọ́n bá kà kò ní yé wọn, èyí tí ó bá sì yé wọn kò ní dúró. Prince rò pé ẹrù ẹ̀kọ́ àjèjì ni ó wúwo jù fún wọn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1980, Olufemi Morakinyo, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, tọ́ka sí ohun tí ó sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlépa àṣeyọrí tí ó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lo ohun tí ń lé oorun lọ, tí kò sì ń jẹ́ kí ó sùn tó. Kì í ṣe pé orí ọmọ aláwọ̀ dúdú kò gba ìwé. Ọmọ tí kò sùn ni orí rẹ̀ ń ta á.

Nígbà tí orí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta, kí ni àwọn ará ilé máa ń sọ? Wọn a ní ayé ni, wọn a ní àwọn àgbà ilé ti na ọwọ́ sí i, wọn a sì máa gbé ọmọ kiri láti ilé àdúrà dé ilé babaláwo. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ léèrè pé, "Ìgbà wo ni o sùn kẹ́yìn?" Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ fi kọfí sílẹ̀ lójijì, ẹ̀fọ́rí mìíràn yóò tún dé láàárín ọjọ́ kan, nítorí ara tí ó ti mọ́ kafíìnì a máa bèèrè rẹ̀. Wọn yóò ní àwọn ọ̀tá tún ti dé.

Ewu kan tún wà tí ó ju èyí lọ. Ẹni tí ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé oorun ni ọ̀tá, kọfí kọ́ ni yóò parí rẹ̀ sí. Bí kọfí kò bá lé oorun lọ mọ́, yóò wá oògùn tí ó le jù ú lọ. Bí oògùn náà bá sì lé oorun lọ tán, yóò tún wá èyí tí yóò fi sùn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn tí ó wà ní ìdí afárá Onitsha pa nítorí ayédèrú oògùn àti oògùn tí kò bófin mu, kí ó tó tún un ṣí lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè ti ọkàn ènìyàn pa. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń yin ẹni tí kò sùn, ọjà ẹni tí ń ta ohun tí ń lé oorun lọ kò ní kùtà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu ẹni tí ó yó. Wọn yóò ní ọmọ mìíràn ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní ọjà Onitsha láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òru nìkan ni ó ní. Wọn yóò ní iná mànàmáná kì í wà lásìkò, òru ni ó máa ń dé. Àtakò tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni èyí, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ni oorun tilẹ̀ tọ́ sí jù. Ìwé wákàtí kan lálaalẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, pẹ̀lú oorun lẹ́yìn rẹ̀, yóò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní ju òru mẹ́rin àìsùn lọ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Òtòṣì kò ní owó tí yóò fi máa san èlé. Kí ló dé tí a óò tún máa kọ́ ọ láti jẹ gbèsè?

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Olùkọ́ tí kò fún ọmọ ní ìdánwò kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí di ọjọ́ ìkẹyìn, òun gan-an ni ó po kọfí fún wọn. Ẹ máa dán wọn wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní ìwọ̀nba, kí ìwé má baà di òkìtì. Ẹ jáwọ́ nínú yíyin ẹni tí kò sùn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yìn. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru, àti pé àgbàlagbà nílò, ó kéré tán, wákàtí 7. Ẹ sọ fún àgbàlagbà tí ó fẹ́ràn kọfí pé àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ní 2015 pé mílígíráàmù 400 kafíìnì lójúmọ́ kò ní pa ẹni tí ara rẹ̀ le lára, èyí tí ó tó bíi ife kọfí 4, àti pé aboyún kò gbọdọ̀ ju 200 lọ. Kí ó mu ún láàárọ̀ tàbí ní ọ̀sán, kí ó sì ka obì tí ó jẹ mọ́ ọn.

Kò sí oníṣòwò kan ní Onitsha tí a ní láti kọ́ ní ohun tí gbèsè jẹ́. Ó mọ̀ pé ọjà àwìn dùn ún gbé, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ owó ń bọ̀. Ọgbọ́n tí ó wà lọ́jà yìí ni ó yẹ kó dé inú yàrá ìkàwé. Kọfí kì í ṣe ọ̀tá, kì í sì í ṣe olùgbàlà. Ohun mímu ni. Ẹni tí ó sùn tí ó jí, tí ó mu ife kan, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi í rọ́pò oorun ń yá owó lọ́wọ́ ọjọ́ ọ̀la rẹ̀, ológò sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí olùkọ́ rere kọ́kọ́ lọ sùn ní alẹ́ òní, kí ó lè ní ẹnu láti sọ fún ọmọ lọ́la pé kí ó lọ sùn.